Ẹ Jẹ́ Kí Máòsì Bá Ọwọ́ Yín Mu: Ẹ̀kọ́ Lórí Títún Máòsì Tò Nínú Kọ̀ǹpútà Linux

Ojú ewé ọrọ̀-ajé wa tún dé, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni a sì gbé wá lọ́tẹ̀ yìí.

Ìdí tí a fi mú ẹ̀kọ́ yìí wá rèé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró. Wọ́n fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ ní àfikún ọdún kan, ṣùgbọ́n àfikún ni, kì í ṣe àyérayé. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà nílé wa ni kò lè gba Windows 11, nítorí pé Windows tuntun náà ń béèrè àwọn ẹ̀yà ara kan tí kò sí nínú wọn. Síbẹ̀ ara kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ṣì le koko. Nítorí náà, àwọn ìdílé kan láàárín wa ti gbé Linux sí tiwọn. Linux kò gba owó, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́. Ẹni tó ń rán aṣọ, ẹni tó ń di irun, ẹni tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó, gbogbo wọn ló lè fi kọ ìwé owó, kí wọ́n fi ṣírò, kí wọ́n sì fi kọ lẹ́tà sí oníbàárà.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó kọ́kọ́ máa ń dé etí wa lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé Linux sórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹjọ́ Linux. Ẹjọ́ máòsì ni. "Ọfà rẹ̀ ń sáré jù." "Ó lọ́ra bí ìgbín." "Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò dá mi lóhùn." "Ọwọ́ òsì ni ọmọ mi ń lò, kò sì rí i lò." Àwọn kan ti tìtorí èyí ra máòsì mẹ́ta, àwọn mìíràn sì ti gbé kọ̀ǹpútà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: máòsì ló yẹ kó bá ọwọ́ mu, kì í ṣe ọwọ́ ló yẹ kó máa jìyà nítorí máòsì. Àtúnṣe rẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà yín tẹ́lẹ̀, ẹ kò sì nílò láti san kọ́bọ̀.

TA NI DÍRẸ́BÀ MÁÒSÌ?

Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Douglas Engelbart ló ronú kan máòsì. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Bill English, ló kan àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1964 ní Stanford Research Institute, ní ìpínlẹ̀ California. Igi ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló sì ní. Ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 1968 ni Engelbart fi í han àwọn èrò ní San Francisco. Wọ́n ń pè é ní máòsì, ìyẹn eku, nítorí wáyà rẹ̀ tó dà bí ìrù.

Bí ẹ bá wá gbọ́ "driver" lẹ́nu àwọn oníkọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe rò pé dírẹ́bà tó ń wa bọ́ọ̀sì ni. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni dírẹ́bà inú kọ̀ǹpútà ń ṣe. Ẹ wo ìyá wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì fẹ́ rí dókítà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó sáàárín wọn. Bí ògbufọ̀ náà bá túmọ̀ dáadáa, ìyá á gba oògùn tó yẹ. Bó bá sọ àsọdùn, wàhálà dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni máòsì. Èdè tirẹ̀ ló ń sọ: "Wọ́n sún mi sí ọ̀tún díẹ̀. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì kìíní. Wọ́n yí táyà àárín." Dírẹ́bà ló ń túmọ̀ èyí, tí ọfà fi ń rìn lójú kọ̀ǹpútà. Bí ọfà bá ń sáré jù, ògbufọ̀ ló ń sọ àsọdùn. Títún máòsì tò kò ju pé kí a sọ fún ògbufọ̀ náà bí a ṣe fẹ́ kó máa túmọ̀ ọwọ́ wa.

LÁYÉ ÌJỌ́UN ÀTI LÓDE ÒNÍ

Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991. Láti ìgbà náà ni oríṣiríṣi Linux ti jáde. Ubuntu jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló dá a sílẹ̀, inú èdè Zulu àti Xhosa ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá. Linux Mint tẹ̀lé e ní ọdún 2006. Clement Lefebvre, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń gbé ní Ireland níbí, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, Linux Mint kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ tí àwa náà ń gbé. Òun ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, torí pé ojú rẹ̀ jọ Windows tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 2000, ẹni tó bá fẹ́ lo máòsì oní-táyà lórí Linux yóò ṣí fáìlì kan tó ń jẹ́ XF86Config, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú máòsì tó ní àti ojú ihò tó kì í bọ̀ sínú rẹ̀. Bó bá gbàgbé láti kọ "IMPS/2" àti ìlà kan tó ń jẹ́ "ZAxisMapping", táyà rẹ̀ kò ní yí ìwé sókè tàbí sísàlẹ̀. Bó bá ṣe àṣìkọ lẹ́tà kan, ojú kọ̀ǹpútà lè má wá mọ́ rárá. Ibẹ̀ ni Linux ti gba orúkọ pé ó le.

Ìyẹn ti di ìtàn. Lóde òní, bí ẹ bá ti ki máòsì bọ ihò USB, àárín gbùngbùn Linux tí wọ́n ń pè ní kernel á mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ògbufọ̀ kan tó ń jẹ́ libinput á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Jonas Ådahl ló bẹ̀rẹ̀ libinput, ó jáde ní ọdún 2014, òun sì ni ọ̀pọ̀ Linux ń lò báyìí, Mint àti Ubuntu pẹ̀lú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí sí èyí dáadáa. Máòsì USB lásán kò nílò CD, kò nílò dírẹ́bà tí ẹ máa lọ rà, kò sì nílò pé kí ẹnikẹ́ni fi tẹlifóònù pè yín pé òun fẹ́ wọ inú kọ̀ǹpútà yín láti bá yín tún un ṣe. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín nítorí "dírẹ́bà máòsì Linux", ọjà tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ló tà fún yín. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ fún òun ní ọ̀rọ̀ aṣínà yín lórí tẹlifóònù, ẹ já a lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ KAN OHUNKÓHUN

Kí a tó dá ògbufọ̀ lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ̀ bóyá ẹnu máòsì fúnra rẹ̀ ló wú. Ẹ ṣe nǹkan márùn-ún yìí:

1. Ẹ yọ máòsì kúrò nínú ihò USB tó wà, kí ẹ kì í bọ òmíràn.

2. Bí kò bá ní wáyà, ẹ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Máòsì tí bátìrì rẹ̀ ti ń tán máa ń fò káàkiri.

3. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ibi tí iná ti ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Òwú àti irun máa ń há síbẹ̀, pàápàá ní ṣọ́ọ̀bù onírun àti ti aránṣọ.

4. Ẹ gbé e sórí ìwé funfun kan. Tábìlì onígíláàsì àti èyí tó ń dán gbinrin kì í jẹ́ kó ríran dáadáa.

5. Ẹ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bó bá ń ṣe bákan náà níbẹ̀, máòsì ló ti bàjẹ́, kì í ṣe Linux.

Bí máòsì bá ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bọ́tìnnì inú rẹ̀ ló sábà máa ń ti gbó. Libinput máa ń gbìyànjú láti bo irú àléébù yẹn mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti burú jù, ẹ ra òmíràn. Ẹ má sọ ògbólógbòó náà sínú pàǹtírí. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2005 ni òfin Ireland ti sọ pé ṣọ́ọ̀bù tí ẹ bá ti ra tuntun gbọ́dọ̀ gba irú rẹ̀ tó ti gbó lọ́wọ́ yín láìgba owó. Ẹ sì lè gbé e lọ sí ibi àkójọ bíi ti Ringsend tàbí Ballymount.

ÀTÚNTÒ LÁTI INÚ "MOUSE AND TOUCHPAD"

Nínú Linux Mint, ẹ tẹ "Menu" ní igun ìsàlẹ̀, ẹ lọ sí "Preferences", kí ẹ sì yan "Mouse and Touchpad". Nínú Ubuntu, "Settings" ni ẹ máa ṣí, ẹ ó sì rí "Mouse & Touchpad" níbẹ̀. Orúkọ bọ́tìnnì lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ẹ̀dà kan sí èkejì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀. Àwọn tó ṣe pàtàkì nìyí:

Ìyára ọfà. Ọ̀pá kan ni, tí ẹ lè fà sí òsì tàbí sí ọ̀tún. Bí ẹ bá fà á sí òsì, ọfà á máa rìn jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá fà á sí ọ̀tún, á máa sáré. Ẹ fà á díẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì dán an wò. Ìwọ̀n rẹ̀ ni pé kí ọfà lè ti igun kan dé ìkejì lójú kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé ẹ gbé ọwọ́ ní ìgbà mẹ́ta, síbẹ̀ kó má ṣe máa fò kọjá ohun tí ẹ fẹ́ tẹ̀.

Àkókò títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí ni ìgbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dúró láàárín títẹ̀ kìíní àti ìkejì. Ọwọ́ àgbà kì í yá bí ti ọmọdé. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá ń tẹ̀ tí nǹkan kò ṣí, ẹ fi kún àkókò náà. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe pé wọn kò mọ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ni kò ní sùúrù fún wọn.

Títóbi ọfà. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ lè sọ ọfà di ńlá. Nínú Linux Mint, ẹ lè rí i lójú kan náà pẹ̀lú ti máòsì.

Ìhà tí táyà ń yí sí. Àwọn tó ti mọ́ tẹlifóònù lára máa ń fẹ́ kí ìwé tẹ̀lé ìka wọn. Àwọn mìíràn fẹ́ ti àtijọ́. Ẹ yan èyí tó bá ti mọ́ yín lára.

Bọ́tìnnì àárín. Nínú Linux, bí ẹ bá fi ọfà yan ọ̀rọ̀ kan, tí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì àárín níbòmíràn, ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń dín iṣẹ́ kù fún ẹni tó ń kọ orúkọ oníbàárà àti àdírẹ́sì léraléra. Bí máòsì yín kò bá ní bọ́tìnnì àárín, ibì kan wà tí ẹ ti lè sọ pé kí títẹ òsì àti ọ̀tún pọ̀ dípò rẹ̀.

"Left-handed". Èyí ló ń pààrọ̀ iṣẹ́ bọ́tìnnì òsì àti ti ọ̀tún fún ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì. Ó yẹ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ỌWỌ́ ÒSÌ

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àṣà wa. Nílé wa, a kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í sì fi í fún wọn ní nǹkan. Àwọn baba wa tún ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. A kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ẹ̀kọ́ yẹn nù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni òwe náà ń sọ, pé kí ènìyàn má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú orísun rẹ̀. Kò sọ pé kí ọmọ tí a bí ní ọlọ́wọ́ òsì máa jìyà nídìí irinṣẹ́.

Àwọn Irish náà ti la irú èyí kọjá. Ciotóg ni wọ́n ń pe ọlọ́wọ́ òsì ní èdè wọn. Àwọn àgbà wọn ṣì ń sọ bí wọ́n ṣe ń fipá mú ọmọ láti fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ láyé ìjọ́un. Lónìí, ọmọ yín lè fi ọwọ́ òsì kọ̀wé ní kíláàsì láìsí ẹni tó máa bá a wí. Bó bá wá délé, tí a ní dandan ọwọ́ ọ̀tún ni kó fi di máòsì mú, iṣẹ́ ilé tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú 20 lè gba wákàtí kan, a ó sì máa rò pé ọ̀lẹ ni. Kó fi ọwọ́ ọ̀tún kí àgbà, kó sì fi ọwọ́ òsì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Méjèèjì kò tako ara wọn.

Kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan. Àwọn èèyàn wa tó ń tọ́jú aláìsàn, tí wọ́n ń gbé arúgbó, àti àwọn tó ń di irun látàárọ̀ dalẹ́, ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún máa ń dùn wọ́n. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún délé tó fi ọwọ́ kan náà di máòsì mú fún wákàtí méjì láti ṣírò owó, ìrora náà kò ní rí àyè lọ. Ó lè máa fi ọwọ́ òsì ṣe é ní ọjọ́ kan, kó fi ọ̀tún ṣe é ní ọjọ́ kejì. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ẹni tí ìrora rẹ̀ kò bá lọ, tàbí tí ìka rẹ̀ ń kú, kó lọ rí dókítà. Àtúntò máòsì kì í ṣe oògùn.

Ẹ jẹ́ kí ọlọ́wọ́ òsì fúnra rẹ̀ yan. Àwọn kan fẹ́ kí a pààrọ̀ bọ́tìnnì. Àwọn mìíràn kàn fẹ́ kí a gbé máòsì sí apá òsì kíbọọ̀dù, kí bọ́tìnnì wà bó ṣe wà. Ẹ dán méjèèjì wò fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Kí ẹ sì wo ara máòsì náà: àwọn kan wà tí wọ́n gbẹ́ fún ọwọ́ ọ̀tún nìkan, àtúntò kankan kò sì lè mú irú èyí dẹrùn fún ọlọ́wọ́ òsì. Èyí tí ìhà méjèèjì rẹ̀ dọ́gba ni kí ẹ rà.

KỌ̀ǸPÚTÀ KAN, ỌWỌ́ PÚPỌ̀

Ìṣòro kan kù. Kọ̀ǹpútà kan ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní. Bí Ṣọlá bá pààrọ̀ bọ́tìnnì sí òsì, ìyá rẹ̀ á dé, á tẹ̀ ẹ́, nǹkan mìíràn á ṣí, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jà. Linux ń tọ́jú àtúntò ti oníkálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni tó ní yàrá tirẹ̀ nínú ilé baba rẹ̀. Nínú Linux Mint, ẹ lọ sí "Administration" nínú "Menu", ẹ yan "Users and Groups", kí ẹ sì ṣí orúkọ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí Ṣọlá bá fi orúkọ tirẹ̀ wọlé, máòsì á di ti ọlọ́wọ́ òsì. Bí ìyá bá wọlé, á padà sí ti ọ̀tún. Bí bàbá àgbà bá wọlé, ọfà á tóbi, á sì máa rìn jẹ́jẹ́. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀ fún oníṣòwò: ọmọ kò ní fi eré pa ìwé owó yín rẹ́.

FÚN ÀWỌN TÓ BÁ FẸ́ WỌ INÚ RẸ̀ JINLẸ̀

Bí ti òkè yìí bá ti tó yín, ẹ lè fo ibí yìí. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni a kọ ọ́ fún. Ẹ ṣí "Terminal", ìyẹn ibi dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí ẹ kọ́kọ́ tẹ èyí:

echo $XDG_SESSION_TYPE

Bó bá dáhùn pé x11, ẹ máa bá wa lọ. Bó bá dáhùn pé wayland, bíi ti Ubuntu tuntun, àwọn àṣẹ xinput tó tẹ̀lé e kò ní tún máòsì tò. Ẹ padà sí "Settings", tàbí bí ẹ bá ṣì fẹ́ fi àṣẹ ṣe é lórí Ubuntu, èyí ni ti ọwọ́ òsì:

gsettings set org.gnome.desktop.peripherals.mouse left-handed true

Fún ẹni tó wà lórí x11, ẹ tẹ:

xinput list

Ẹ ó rí orúkọ gbogbo ohun tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, máòsì àti kíbọọ̀dù. Ẹ da orúkọ máòsì yín kọ gan-an bó ṣe wà, lẹ́tà ńlá àti kékeré. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà iwájú rẹ̀, torí pé ó lè yí padà bí ẹ bá yọ máòsì tí ẹ tún kì í bọ̀ ọ́. Ká ní orúkọ rẹ̀ ni "USB Mouse", láti mú kí ọfà rọra rìn:

xinput set-prop "pointer:USB Mouse" "libinput Accel Speed" -0.4

Nọ́ńbà náà lè lọ láti -1, tó lọ́ra jù, dé 1, tó yára jù. Odo ni àárín. Ọ̀rọ̀ "pointer:" tó ṣíwájú orúkọ wà fún àwọn máòsì tí orúkọ wọn fara hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú àkójọ náà, kí kọ̀ǹpútà lè mọ èyí tí à ń bá wí.

Àṣẹ yìí dára fún ìdánwò, torí pé kò ní gbé ibẹ̀ pẹ́. Bí ẹ bá yọ máòsì tàbí pa kọ̀ǹpútà, á padà sí bó ṣe wà. Bí ẹ bá wá fẹ́ kó dúró fún gbogbo ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà náà, tó fi mọ́ ibi tí a ti ń kọ orúkọ wọlé, ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì:

sudo mkdir -p /etc/X11/xorg.conf.d
sudo nano /etc/X11/xorg.conf.d/90-maosi.conf

Ohun tí ẹ máa kọ sínú rẹ̀ nìyí:

Section "InputClass"
    Identifier "Maosi ile wa"
    MatchIsPointer "on"
    Driver "libinput"
    Option "AccelSpeed" "-0.4"
    Option "AccelProfile" "flat"
EndSection

Ìlà "flat" ń sọ pé kí ọfà máa rìn ní ìwọ̀n kan náà, yálà ọwọ́ yára tàbí kò yára. Ẹni tó ń ya àwòrán aṣọ tàbí tó ń ṣiṣẹ́ lórí àpótí kéékèèké inú ìwé ìṣirò lè fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kó yọ ìlà náà. Ẹ pa fáìlì náà mọ́, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà padà.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta. Àkọ́kọ́, gbogbo ilé ni fáìlì yìí kàn, nítorí náà ẹ má ṣe kọ ti ọwọ́ òsì síbẹ̀ bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá jọ ń lo kọ̀ǹpútà náà. Inú yàrá oníkálukú ni ti ọwọ́ òsì yẹ kó wà. Ìkejì, bí ẹnì kan bá wọlé tán, ohun tó yàn nínú "Mouse and Touchpad" lè borí ti fáìlì yìí. Bí ẹ bá rí i pé fáìlì kò ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìkẹta, ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dán an wò, kí ẹ tó kan òmíràn. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò wá, ẹ tẹ Ctrl, Alt àti F3 pọ̀, ẹ kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín, kí ẹ sì fi àṣẹ yìí pa fáìlì náà rẹ́:

sudo rm /etc/X11/xorg.conf.d/90-maosi.conf

Ẹ tan kọ̀ǹpútà padà, gbogbo rẹ̀ á bọ̀ sípò.

OHUN TÓ KAN OWÓ ÀTI IṢẸ́ YÍN

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbé Linux wá, ẹ má kánjú. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ìwé iṣẹ́ yín kọ sórí fíláàṣì kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé Linux Mint sórí fíláàṣì mìíràn, kí ẹ fi tan kọ̀ǹpútà láìtíì gbé e wọ inú rẹ̀. Ẹ dán máòsì wò, ẹ dán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò, ẹ dán íntánẹ́ẹ̀tì wò. Ẹ rí i dájú pé gbogbo ètò tí ẹ fi ń ṣòwò ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí ẹ tó ṣe ìpinnu. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ yọ fíláàṣì náà, Windows yín á ṣì wà níbẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì oníṣẹ́, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Òfin ààbò àti ìlera níbi iṣẹ́ tí Ireland gbé jáde ní ọdún 2007 sọ pé ẹni tó gba ènìyàn síṣẹ́ gbọ́dọ̀ yẹ àyè iṣẹ́ àwọn tó ń lo ojú kọ̀ǹpútà déédéé wò, kó sì mú ohun tó lè pa wọ́n lára kúrò. Máòsì wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Bí ọwọ́ bá ń dùn yín, ẹ má ṣe máa fara dà á nítorí pé ẹ kò fẹ́ kí wọ́n pè yín ní aláròyé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fún ọ̀gá yín, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Health and Safety Authority ni ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó òfin náà.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí a ṣe é báyìí lọ́sẹ̀ yìí: kí olúkúlùkù jókòó ti kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó pe ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé, kó sì bi í pé, "Ṣé máòsì yìí bá ọwọ́ rẹ mu?" Ẹ bi ọmọ, ẹ bi ìyá àgbà tó wá kí yín láti ilé pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní rárá, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa tẹ̀ báyìí. Owó máòsì mẹ́ta tí ẹ kò rà, ẹ fi san nǹkan gidi.

A ó tún máa bá yín sọ̀rọ̀ nínú ìwé tó ń bọ̀. Ọlọ́run á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, ti ọ̀tún àti ti òsì. Ire o.